Ìdènà Kì í Ṣe Ìwòsàn

Bí ó bá kan ọ̀ràn ìlera, àwọn baba wa kì í da ọ̀rọ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn. Èyí tí a jẹ kí àrùn má baà ráyè wọlé, àjẹsára ni wọ́n pè é. Èyí tí a fi lé àrùn tó ti wọlé jáde, ìwòsàn ni wọ́n pè é. Èyí tí a fi ń mú ìrora fúyẹ́ lára aláìsàn, ìtọ́jú ni. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta, iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan pe èkejì, nínú méjì ni ọ̀kan: yálà kò mọ̀, tàbí ó fẹ́ tan ni jẹ.

Lónìí, ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu àwọn tí ń ta oògùn lójú ọ̀nà àtijọ́ tó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ẹ gba Fìdítì kọjá, ẹ dé Ìlọrà, ẹ yà sí Awẹ́. Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, ẹ óò gbọ́ ohùn láti inú gbohùngbohùn tí wọ́n gbé ka orí ọkọ̀, pé ìgò kan báyìí ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ń wo àìrọ́mọbí, ó sì ń wo jẹjẹrẹ. Bí ẹ bá bi olóògùn léèrè ibi tí ó ti mọ̀, yóò dá yín lóhùn pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ti ṣe ìwádìí ewé rẹ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé kì í ṣe irọ́ gbuu ni ó pa. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ṣe ìwádìí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí kọ́ ni ó ń tà.

Ẹ̀sùn tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ nínú àròkọ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ olóògùn nìkan. Mo fẹ́ kà á sí àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni wọ́n fi ọjà sílẹ̀ fún un. Wọ́n mú ewé Yorùbá, wọ́n mú èso Yorùbá, wọ́n wádìí wọn tọkàntọkàn, wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ àbọ̀ ìwádìí náà, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí òkè òkun, wọ́n sì gbàgbé ẹni tí ń gbin ewé náà àti ẹni tí ń mu ún. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú ọjà tí mo ń wí yìí, àgbà kò sí níbẹ̀. Orí ọmọ ti wọ́, ẹ̀mí sì ti ń bá a lọ.

Kí a tó dá ẹjọ́, ó yẹ kí a mọ ohun tí àwọn onímọ̀ rí ní tòótọ́. Èmi kì í ṣe onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èdè àti àṣà ni mo kọ́, òun náà ni mo sì ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí a bá lè fi Yorùbá là kalẹ̀ kò lè jẹ́ àwámárídìí fún ọmọ Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí a dán an wò.

Ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Púrótéènì ni, ara gbogbo ohun abẹ̀mí ni ó sì ti ń wá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ìyípadà tí ì bá pẹ́ kí ó tó ṣẹlẹ̀ yá kánkán. Òun ni ó ń da oúnjẹ nínú ikùn wa. Òun ni ó wà nídìí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ṣe ń pọ́n tí ó sì ń dùn. Àwọn obìnrin tí ń ṣe gaàrí ní Fìdítì àti Ìlọrà ti ń bá ẹ́ńsáìmù ṣiṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn. Oró kan fara pamọ́ sínú ẹ̀gẹ́ tútù. Ó wà ní dídì mọ́ ohun mìíràn, bí ẹni di ọ̀bẹ sínú aṣọ. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́ náà, ẹ́ńsáìmù tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ yóò pàdé ohun tí a dì yìí, yóò tú u, oró sáyánáìdì yóò sì bọ́ síta. Ìdí rèé tí a fi ń dà á sínú àpò, tí a ń gbé ohun wíwúwo lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù, tí a sì ń yan án lórí iná: kí oró tí a ti tú sílẹ̀ lè bá omi àti ooru lọ. Ẹni tí ó bá rin ẹ̀gẹ́ tí kò fún un, tí kò sì yan án, ó ti tú ọ̀bẹ jáde nínú aṣọ, ó sì fi lé ọmọ lọ́wọ́.

Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni ẹ̀dọ̀ wa ń ṣe lójoojúmọ́. Bí ohun àjèjì tàbí májèlé bá bá oúnjẹ wọlé, ọ̀wọ́ ẹ́ńsáìmù méjì ni ó ń pàdé níbẹ̀. Ọ̀wọ́ kìíní ń tú u, bí a ti ń rin ẹ̀gẹ́. Ọ̀wọ́ kejì ń so ohun tí a ti tú mọ́ èròjà mìíràn tí yóò gbé e bá ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ jáde. Bí ọ̀wọ́ méjèèjì bá ń bá ara wọn rìn, àlàáfíà ni. Ṣùgbọ́n bí ọ̀wọ́ kìíní bá ń tú ju èyí tí ọ̀wọ́ kejì lè kó lọ, oró yóò máa rìn kiri nínú sẹ́ẹ̀lì, yóò sì lè ba DNA jẹ́, èyí tí í ṣe ìwé ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀ lé bí ó bá fẹ́ dàgbà tàbí bí ó bá fẹ́ pín sí méjì. Sẹ́ẹ̀lì tí ìwé ìlànà rẹ̀ ti bàjẹ́ lè máa pín láìmọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Ohun tí à ń pè ní jẹjẹrẹ nìyẹn.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ wa jù lọ ni oró tí a ń pè ní áfílátọ́ọ̀sìn. Ní ọdún 1960, nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún tòlótòló ni ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ó pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ẹ̀pà tí ó ti bu wà nínú oúnjẹ wọn, àti pé ohun tí ń hù lára ẹ̀pà bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe oró náà. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí kò gbẹ dáadáa kí a tó kó wọn pamọ́ ni ibùgbé rẹ̀. Ní 1987, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ, ka áfílátọ́ọ̀sìn mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Ọ̀wọ́ ẹ́ńsáìmù kìíní ni ó ń sọ ọ́ di ohun tí ń lẹ̀ mọ́ DNA. Ọ̀wọ́ kejì ni ó ń gbá a mú tí ó ń lé e jáde.

Ibí yìí ni orógbó ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1980, Maurice Iwu, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá mọ̀ lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí alága àjọ elétò ìdìbò ilẹ̀ wa, ṣiṣẹ́ lórí àwọn èròjà inú orógbó tí ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Àpapọ̀ irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní kolaviron. Ní ọdún 2000, Nwankwo, Tahnteng àti Emerole kọ ọ́ pé kolaviron dín jàǹbá tí áfílátọ́ọ̀sìn ń ṣe kù nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń sìn nínú àwo. Ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Báyókẹ́mísírì ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n E. O. Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí kolaviron yìí kan náà nínú ara eku tí wọ́n fún ní oró. Ní òkè òkun, Ernest Izevbigie, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Jackson State ní ìpínlẹ̀ Mississippi, tẹ ìwádìí jáde ní 2003 lórí omi ewúro àti sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú. Ní 2005, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí àwárí rẹ̀.

Iṣẹ́ tó níyì ni gbogbo ìwọ̀nyí, mo sì ń fi wọ́n yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tún wọn kà. Sẹ́ẹ̀lì tí a ń sìn nínú àwo. Eku tí a fún ní oró. Omi ewúro tí a kán sórí sẹ́ẹ̀lì. Ní ti kolaviron, kí oró tó rí ìpalára ṣe, tàbí bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́, ni èròjà náà ti ń ṣèrànwọ́. Ìdènà ni èyí, bí àjẹsára ṣe jẹ́ ìdènà. Ní ti ewúro, ohun tí ó pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo kò tíì di oògùn nítorí ìyẹn. Ọṣẹ ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Iyọ̀ tó pọ̀ ń pa á. Àwo kò ní ikùn tí yóò da oògùn náà, kò ní ẹ̀dọ̀ tí yóò tú u, kò ní ẹ̀jẹ̀ tí yóò gbé e kiri. Láti inú àwo dé inú ara ènìyàn, ìrìn náà jìn, ọ̀pọ̀ èròjà tó sì dára nínú àwo ni ó kú sójú ọ̀nà. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn onímọ̀ wọ̀nyí tí ó sọ pé kí ẹni tí jẹjẹrẹ ti mú pa ilé-ìwòsàn tì, kí ó máa jẹ orógbó tàbí kí ó máa mu omi ewúro. Olóògùn ni ó fi ìyẹn kún un.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀pẹ òyìnbó, nítorí pé bí a bá dárúkọ Fìdítì, òun àti ọsàn ni ó ń wá sí ènìyàn lọ́kàn. Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ọ̀pẹ òyìnbó tí wọ́n ń pè ní bromelain. Láti 1891 ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń yọ ọ́. Ìdí igi rẹ̀ ni ó pọ̀ sí jù, èyí tí àwọn àgbẹ̀ wa ń sọ nù. Púrótéènì ni bromelain ń gé wẹ́wẹ́. Ìdí rèé tí ẹnu fi máa ń yún wa bí a bá jẹ ọ̀pẹ òyìnbó jù, tí ẹran líle sì máa ń rọ̀ bí a bá fi omi rẹ̀ rẹ ẹ́. Àwọn dókítà ti fi ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ ṣe oògùn tí ń bó òkú awọ kúrò lójú egbò iná. Ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní 2012, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i ní 2022. Ìyẹn ni ohun tí ó dájú. Àwọn kan ti dán bromelain wò lórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo àti lára ẹranko, iṣẹ́ sì ń lọ lórí rẹ̀. Kò tíì sí ìdánwò lára ènìyàn tí ó fi hàn pé ó ń wo jẹjẹrẹ.

Síbẹ̀, ìròyìn kan ti ń fò láti orí fóònù kan dé òmíràn, pé kí a gé ọ̀pẹ òyìnbó sínú ife, kí a da omi gbígbóná lé e, pé omi náà ń pa jẹjẹrẹ nínú ara. Ẹ wo bí irọ́ ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú àṣírí ara rẹ̀. Ooru ni ó ń pa ẹ́ńsáìmù. Ẹ́ńsáìmù tí a torí rẹ̀ ń yin ọ̀pẹ òyìnbó, omi gbígbóná náà ti bà á jẹ́ kí ife tó dé ẹnu. Àgbẹ̀ Fìdítì tí ó ti gbin èso yìí fún ogójì ọdún ì bá ti mọ̀ pé ìròyìn náà kò mọ́gbọ́n dání, bí ẹnìkan bá ti fi Yorùbá ṣàlàyé ẹ́ńsáìmù fún un bí mo ti fi ìpínrọ̀ kan ṣe é lókè yìí. Ta ni ó ṣàlàyé fún un? Kò sí. Ta ni ó ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀? Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́ Yorùbá.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí oògùn ewé kò bá wo àrùn, kò lè pa ni lára. Ní ilẹ̀ Finland, àwọn onímọ̀ rò pé èròjà tí ń mú kárọ́ọ̀tì pupa, èyí tí ó wà nínú èso àti ẹ̀fọ́, yóò dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n sọ ọ́ di hóró oògùn, wọ́n sì fi dán àwọn ọkùnrin tí ń mu sìgá wò, gbogbo àwọn tí ó kópa nínú ìdánwò náà sì jẹ́ 29,133. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àwọn tí ó lo èròjà yìí ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí láàárín wọn, ó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Irú ìdánwò kan náà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní láti dá a dúró ní 1996 nítorí pé ó ń ṣe àwọn ènìyàn ní jàǹbá. Ohun tí Ọlọ́run fi sínú ẹ̀fọ́, tí a ń jẹ nínú ọbẹ̀ láìséwu, nígbà tí a yọ ọ́ lọ́tọ̀, tí a sọ ọ́ di púpọ̀, ó yí padà. Bí ó bá lè rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ń wọn oògùn kí wọ́n tó fún ni, kí ni a ó wí nípa ìgò tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ àti iye rẹ̀?

Obìnrin kan wà tí mo mọ̀ ní agbègbè Afijió yìí, ẹni tí ń ta ọsàn. Koko kékeré kan yọ sí i lọ́mú. Kò dùn ún, kò sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Wọ́n júwe ìgò kan fún un, wọ́n ní àwọn ará yunifásítì ti fọwọ́ sí i. Láti ìgbà òjò ni ó ti ń mu ún títí ọyẹ́ fi dé. Nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e dé ilé-ìwòsàn, koko náà ti di egbò, àrùn náà sì ti ràn dé egungun rẹ̀. Dókítà bi í pé, “Ìyá, kí ni ẹ ń dúró dè láti ọjọ́ yìí?” Ó ní òun kò dúró, pé òun ń gba ìtọ́jú. Kò purọ́. Nínú èdè tí ó gbọ́, ìtọ́jú ni wọ́n pe ohun tí ó ń mu. Kò lo oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Jẹjẹrẹ ọmú tí a bá tètè bá nígbà tí ó ṣì kéré ṣeé gé kúrò, ó sì ṣeé wò. Èyí tí ó bá ti dé egungun kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Oṣù tí ìgò náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó burú ju ohun tí ó wà nínú ìgò náà lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu mi láti fi pẹ̀gàn ìṣègùn ìbílẹ̀. Kí wọ́n má ṣe yọ̀. Òdòdó kékeré aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí funfun tí ó ti Madagásíkà wá, tí a ń gbìn sí iwájú ilé fún ẹwà, inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ vincristine, oògùn tí a ń lò láti àwọn ọdún 1960 fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ewé kì í ṣe ọ̀tá ìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni onísègùn àtijọ́ kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ oníìgò ojú ọ̀nà. Onísègùn gidi kì í fi ewé kan ṣoṣo wo àrùn méje. Ó mọ aláìsàn rẹ̀, ó mọ ìdílé rẹ̀, ó mọ ìgbà tí a ń já ewé àti ìgbà tí a kì í já a, ó sì mọ ibi tí agbára òun pin sí. Òun ni ó kọ́ wa pé àrùn là ń wò, a kì í wo ikú. Oníìgò kò mọ ẹnikẹ́ni. Kí ìgò rẹ̀ tó tán, ọkọ̀ rẹ̀ ti dé ìlú mìíràn.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Ṣáínà fi èdè wọn ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Tu Youyou ń wá oògùn ibà. Ewé kan wà lọ́wọ́ wọn tí àwọn baba wọn ti ń lò, ṣùgbọ́n bí ó bá ti sè é, agbára rẹ̀ a lọ. Inú ìwé ìṣègùn àtijọ́ kan, tí wọ́n fi èdè Ṣáínà kọ ní ohun tí ó lé ní 1,600 ọdún sẹ́yìn, ni ó ti rí i pé rírẹ ni wọ́n ń rẹ ewé náà sínú omi tí wọ́n sì ń fún un. Wọn kì í sè é. Ó yẹra fún ooru, ó sì rí oògùn tí gbogbo ayé ń lò fún ibà lónìí. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015. Ìmọ̀ ti inú èdè wọn lọ sí yàrá ìwádìí, ó sì tún padà sí inú èdè wọn. Tiwa ń lọ, kì í padà.

Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń wí bí a bá bi wọ́n léèrè? Ẹjọ́ mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́.

Èkíní, wọ́n ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún un. Ẹjọ́ yìí ti gbó. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú èdè Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn onímọ̀ èdè wa, Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì lára wọn, jókòó, wọ́n sì ṣe ìwé èdè-ìperí tí a fi ń kọ́ gírámà àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ní yunifásítì lónìí. Ohun tí a ṣe fún gírámà, kí ni kò jẹ́ kí a ṣe é fún ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀? Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọwọ́ àwọn ará Gíríìkì ni ó ti yá ọ̀rọ̀ ẹ́ńsáìmù. Ẹni tí ó yá ẹ̀wù wọ̀ kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí ó fẹ́ yá tirẹ̀.

Èkejì, wọ́n ní àbọ̀ tí a bá fi Yorùbá kọ kì í mú ni gba ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́. Òótọ́ ni, èmi náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń ka ìwé fún ìgbéga. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n má fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ojú ewé méjì péré ni à ń tọrọ, lẹ́yìn igba ojú ewé tí wọ́n ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ. Owó ìlú ni ó kọ́ yàrá ìwádìí náà. Ará ìlú ni ó gbin orógbó náà. Ojú ewé méjì kò pọ̀ jù fún ẹ̀san.

Ẹ̀kẹta ni ó bí mi nínú jù. Wọ́n ní àwọn mẹ̀kúnnù kò ní yé, pé wọn yóò ṣi ọ̀rọ̀ náà lò. Ṣé wọn kò tíì ṣì í lò ni? Ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ ni wọ́n ń ṣì lò báyìí. Ẹ mú ìgò oògùn ewé kan tí ó ní nọ́ńbà NAFDAC lára, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìgò náà dáadáa. Ẹ óò rí gbólóhùn kékeré kan tí ó sọ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ń sọ wò. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀rí pé oògùn náà ń wo àrùn. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbólóhùn náà, ní lẹ́tà tí ó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, nígbà tí olóògùn ń fi Yorùbá pariwo nọ́ńbà náà nínú gbohùngbohùn. Ìkìlọ̀ wà ní èdè tí ẹni tí ń ra oògùn kò gbọ́. Ìpolówó wà ní èdè tí ó gbọ́. Ta ni ó ṣe ètò yìí bí kì í bá ṣe àwọn ọ̀mọ̀wé?

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ìdènà gidi wà, kò sì jìnnà. Lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ yìí kan náà, kí a tó kúrò ní Ìbàdàn, ni IITA wà láti 1967. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní Aflasafe, tí a ń fọ́n sí oko àgbàdo àti ẹ̀pà. Irú ohun tí ń hù lára àgbàdo ni òun náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe oró. Ó ń gba ààyè mọ́ èyí tí ń ṣe oró lọ́wọ́. Àgbàdo tí a sá kí ó gbẹ dáadáa kí a tó kó o sínú àká, ìdènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ni. Ẹ̀pà tí ó bu tí a ṣà dànù dípò kí a lọ̀ ọ́ mọ́ kúlíkúlí, ìdènà ni. Àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hẹpatáítìsì B ń jẹ́ kí iṣẹ́ ibi áfílátọ́ọ̀sìn di ìlọ́po-ìlọ́po. Láti 2004 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti wà lára èyí tí à ń fún àwọn ọmọ ọwọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ẹ gbọ́ orúkọ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè wọ́n: àjẹsára. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé a kì í tà á nínú ìgò, kò sí ẹni tí ń fi gbohùngbohùn kéde rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà.

Nítorí náà, mo ń bèèrè ohun mẹ́ta, n kò sì fi ìtìjú bèèrè wọn. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀ Yorùbá má ṣe gba iṣẹ́ àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé kankan lórí ewé, èso tàbí oúnjẹ wa, àfi bí ojú ewé méjì tí a fi Yorùbá kọ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ojú ewé náà sì sọ gbangba bóyá inú àwo ni, lára eku ni, tàbí lára ènìyàn ni. Bóyá ìdènà ni, tàbí ìwòsàn. Kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá wá bá wọn jókòó láti ṣe é, nítorí pé iṣẹ́ tiwa nìyẹn, kì í ṣe tiwọn nìkan. Kí NAFDAC fi dandan lé e pé èdè tí a bá fi polówó oògùn ni a gbọ́dọ̀ fi kọ ìkìlọ̀ rẹ̀, kí olóògùn tí ó bá sì lo gbohùngbohùn ka ìkìlọ̀ náà sínú gbohùngbohùn.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹ, ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìbéèrè kan ṣoṣo wà tí ó tó láti mú olóògùn panu mọ́. Bí ó bá ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti wádìí oògùn òun, ẹ bi í pé: “Ṣé ó ń dènà ni, tàbí ó ń wò ó? Lára ta ni wọ́n sì ti dán an wò?” Bí ó bá ní ó ń dènà, ẹ sọ fún un pé kí ó má tà á fún aláìsàn. Bí ó bá ní ó ń wò ó, ẹ ní kí ó dárúkọ ẹni tí ó wò sàn àti dókítà tí ó yẹ ẹni náà wò kí ó tó mu ún àti lẹ́yìn tí ó mu ún. Koko tí kò dunni, egbò tí kò jinná, ẹ̀jẹ̀ tí ń wá ní ìgbà tí kò yẹ kí ó wá, ilé-ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ. Ẹ lè jẹ orógbó yín bí ẹ bá ti ń lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá yín dúró.